Fèrèsé Tí Kò Gbọdọ̀ Fọ́

Ẹ má sọ fún mi pé àmúwá Ọlọ́run ni. Gbogbo ẹni tó wá kí wa lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí ló ń sọ ọ́. Wọ́n á jókòó sórí àga mi, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Aunty, ẹ gba kámú, àmúwá Ọlọ́run ni." Mo máa ń bu omi fún wọn mu, torí olùkọ́ ni mí, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n sọ pé olùkọ́ kan bú àlejò nínú ilé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo máa ń bi ara mi léèrè. Ṣé Ọlọ́run ló ra fèrèsé náà ni? Ṣé Ọlọ́run ló dì í sínú kọ̀ǹténà láti Amẹ́ríkà? Àwa ni. Àwa la rà á, àwa la ní kí wọ́n rì í mọ́ ògiri, àwa la sì pàtẹ́wọ́ nígbà tí wọ́n rì í tán.

Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni. Ata gbígbẹ ni wọ́n tà ní Mile 12 láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, títí orúnkún wọn fi ní òun ò ṣe mọ́. Ọmọ Ṣakí ni wọ́n, kò sì sí ohun tí ẹ lè sọ tí wọn ò ní fi èsì kan pa yín lẹ́nu mọ́. Ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ ní Ìkòsí, ní Kétu, là ń gbé. Èmi wà níwájú, ayálégbé kan wà ní ojúlé kejì, ìyá mi sì wà lẹ́yìn, nínú yàrá kan tí wọ́n fúnra wọn yàn nítorí pé ariwo tẹlifíṣọ̀n mi ń fọ́ wọn lórí. Yàrá náà ní balùwẹ̀ tirẹ̀. Ilẹ̀kùn kan ló ní, ilẹ̀kùn onírin, fèrèsé kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn náà. Kò tún sí ọ̀nà mìíràn téèyàn lè gbà wọ ibẹ̀.

Fèrèsé tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ti lúfà ni, gíláàsì pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn. Kò sí ẹni tó dàgbà ní Kétu tí kò mọ iṣẹ́ tí lúfà ń ṣe fún wa yàtọ̀ sí atẹ́gùn. Ní ilé kọ̀ọ̀kan, gíláàsì kan máa ń wà tí ẹnu rẹ̀ ti dẹ̀, àwọn ará ilé nìkan ló sì mọ èyí tó jẹ́. Bí ilẹ̀kùn bá tì mọ́ ẹ síta, wàá fa gíláàsì yẹn yọ jẹ́jẹ́, wàá gbé e sílẹ̀, wàá ki ọwọ́ bọ inú, wàá fi ìka wá bóòtù ilẹ̀kùn, irin tí wọ́n ń tì sínú ihò láti inú, wàá sì fà á. Lẹ́yìn náà, wàá dá gíláàsì padà sí àyè rẹ̀ kí olè má baà rí ẹ̀kọ́ kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń wọlé nígbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ayálégbé wa ṣe ń wọlé tọ ìyá mi lọ, torí obìnrin náà ń ránṣọ nínú ilé, òun ló ń bá mi mójú tó wọn bí mo bá lọ síbi iṣẹ́.

Ìyá mi kì í ṣí bóòtù sílẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀sán gangan. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní olè kì í wo aago. Nítorí náà, ní ọ̀sán, obìnrin aránṣọ yìí á gbé oúnjẹ dé ẹnu ọ̀nà, á fa gíláàsì yọ, á ki ọwọ́ wọlé.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Mummy Àgbà. Ẹ jẹ́ kí n wọlé."

"Ọwọ́ ẹ ti wà nínú yàrá mi, o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọrọ àyè?"

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é, kò sì sú wọn.

Ìjì ló ba gbogbo ìyẹn jẹ́. Àwa kì í rí irú ìjì tí wọ́n ń pè ní họ́ríkéènì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé ní ẹ̀gbẹ́ tiwa yìí mọ ohun tí àkọ́rọ̀ òjò máa ń ṣe. Ojú ọ̀run á dúdú lọ́sàn-án, eruku á gbé sókè, atẹ́gùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í já páànù bí ẹni ń já ewé. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, páànù kan já láti orí ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán lódì kejì, ó sì fi etí rẹ̀ gba fèrèsé ìyá mi. Wọ́n wà lórí ìkírun, wọ́n ń kírun Àlàásárì. Gbogbo gíláàsì lúfà náà fọ́ sí wọn lára. Nígbà tí mo dé, obìnrin aránṣọ ti fi aṣọ funfun di apá wọn, ẹ̀jẹ̀ sì ti mu aṣọ náà. Ìyá mi ò sunkún. Wọ́n kàn ń tẹjú mọ́ ihò tó ṣẹ́ kù níbi fèrèsé, àfi bí ẹni pé ẹnì kan dúró síbẹ̀.

Ọgbẹ́ náà jinná. Ẹ̀rù ni kò lọ. Obìnrin tó ti bá ọlọ́pàá, agbowó-orí àti àwọn ọmọ ìta jà nínú ọjà Mile 12, tí kò sì sá fún ẹnikẹ́ni rí, wá di ẹni tí ń gbọ̀n tí ojú ọ̀run bá ṣú. Wọ́n á sáré, pẹ̀lú orúnkún burúkú yẹn, wá jókòó sí ilẹ̀ kọ́rídọ̀ mi, wọ́n á máa fa tẹ̀sùbáà. Oúnjẹ ò ní wọnú wọn títí òjò á fi dá. Ẹ̀jẹ̀ wọn tó ti ń ru tẹ́lẹ̀ wá ń ru ju bó ṣe yẹ lọ. Dókítà fi kún oògùn wọn, ó ní kí wọ́n má ronú. Mo fẹ́ bi í léèrè bóyá oògùn ìyẹn náà wà.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n di ẹrù wọn sínú báàgì, wọ́n gbé e sí ẹnu ọ̀nà mi.

"Mò ń lọ sí Ṣakí."

"Ta lẹ fẹ́ lọ bá níbẹ̀, Màámi?"

"Pákó ni fèrèsé ilé bàbá mi. Pákó kì í géèyàn."

Ṣakí wo? Àwọn tí wọ́n jọ ṣeré ti kú tán. Ilé tí wọ́n ń sọ, ẹnikẹ́ni ò ṣí i láti ọjọ́ pípẹ́. Bí wọ́n bá lọ síbẹ̀, wọ́n á gbàgbé oògùn, wọ́n á ṣubú lọ́jọ́ kan, ará àdúgbò ló máa pè mí láti sọ fún mi. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Ohun tí mo ń wá lọ́wọ́ ayé nígbà náà kò pọ̀. Mo fẹ́ kí ìyá mi máa gbé níbi tí ojú mi ti tó wọn, kí ọkàn wọn sì balẹ̀ níbẹ̀. Mi ò tọrọ ju ìyẹn lọ.

Ìgbà náà ni àbúrò mi ọkùnrin dá sí i. Amẹ́ríkà ló ń gbé, ní apá ibi tí ìjì ti máa ń wá láti orí òkun lọ́dọọdún, tó máa ń ká ilé nílẹ̀. Ó fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi. Nínú fídíò náà, wọ́n ń fi ẹ̀rọ yin igi pákó lu gíláàsì kan. Gíláàsì náà sán, ṣùgbọ́n kò ya, pákó sì jábọ́ sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lé kúrò lójúde.

"Sister mi, gíláàsì méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ yẹn o," ló wí fún mi lórí fóònù. "Wọ́n fi nǹkan bíi rọ́bà sáàárín wọn. Bó bá tiẹ̀ sán, kò lè ya. Tí hurricane bá ń bọ̀ níbí, àwọn kan á máa kan plywood mọ́ window. Èmi? Mo ń sùn ni."

"Ṣé irú ẹ̀ wà ní Èkó?"

"Ẹ má wá a kiri. Màá fi sínú kọ̀ǹténà. Ti Màámi ni, ẹ jẹ́ kí n ṣe é."

Àbúrò mi fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Mo ní láti kọ ìyẹn sílẹ̀, torí àwọn ẹbí kan ti ń sọ ohun tí kò yẹ nípa rẹ̀. Kò ráyè wálé láti bí ọdún mélòó kan, ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, ẹ̀mí rẹ̀ ò sì balẹ̀ lórí ẹ̀. Fèrèsé yẹn ni ọwọ́ tó lè nà kan ìyá rẹ̀ láti ibi tó wà.

Fèrèsé dé. Kò sí ẹni tó rí i tí kò fi ọwọ́ pa á. Férémù rẹ̀ nípọn, gíláàsì rẹ̀ mọ́ gaara, inú ilé nìkan ni wọ́n ti lè ṣí i, ó wúwo débi pé ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọ ọgbà. Ọ̀gá tó máa ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù fún wa wá láti Owódé Onírin pẹ̀lú àwọn irin tí yóò fi dè é mọ́ ògiri. Ó yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó yí i po lẹ́ẹ̀kejì.

"Madam, burglary ńkọ́? Ṣé ká tún fi irin sí i?"

Àbúrò mi wà lórí fóònù, ó ń wò wá. Ó ní irin kí? Kí olè wá, kó máa lù ú, yóò rẹ̀ ẹ́, yóò lọ sùn. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n rì í tán, ọ̀gá náà fi ìkúùkù lù ú. Ó fi bàtà lù ú. Ẹnì kan gbé àgbọn kan jáde láti inú ilé, ó jù ú mọ́ ọn. Àgbọn ta padà, ó yí gbirigbiri lọ sí ẹsẹ̀ ìyá mi. Wọ́n wo àgbọn, wọ́n wo fèrèsé, wọ́n ní, "Ẹ bá mi fọ́ àgbọn yìí ká jẹ ẹ́ o jàre, ìyà ti jẹ ẹ́ tó." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n ṣe àwàdà láti ọjọ́ tí páànù já. Mo yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n má baà rí omi lójú mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n gbé báàgì Ṣakí kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n sì padà sí yàrá wọn.

Obìnrin aránṣọ ló wá bá mi ní ilé ìdáná.

"Aunty, ó dáa o, mo bá yín dúpẹ́. Ṣùgbọ́n báwo ni màá ṣe máa wọlé tọ Mummy Àgbà báyìí?"

Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ó wò ó, ó wò mí. Kọ́kọ́rọ́ kò lè ṣí bóòtù, èmi náà mọ̀. Mo lọ bá ìyá mi, mo ní kí wọ́n máa fi bóòtù sílẹ̀ ní ọ̀sán, kí wọ́n kàn máa fi kọ́kọ́rọ́ tì í.

"Ẹ fún mi ní fèrèsé tí olè ò lè fọ́," ni wọ́n wí, "ẹ wá ní kí n ṣílẹ̀kùn fún un?"

Mo tún un sọ, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Obìnrin aránṣọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Àgbàlagbà tó bá ti ní òun ti gbọ́ ti parí ọ̀rọ̀ nìyẹn, ẹ ò lè gbé e sí ẹsẹ̀ nà bí ọmọdé. Wọ́n ń dìde wá ṣílẹ̀kùn fúnra wọn bí a bá kàn án, pẹ̀lú ìkùnsínú, a sì gbà pé ó tó bẹ́ẹ̀.

Mo ti wá ẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi rẹ̀ mí. Bí mo bá rí ẹni tó jẹ̀bi, ì báà jẹ́ èmi fúnra mi, ara á tù mí. Mo lè bínú sí i, mo lè bẹ̀ ẹ́, mo lè dárí jì í. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ló ṣe dáadáa. Àbúrò mi ṣe dáadáa, ọ̀gá Owódé Onírin ṣe dáadáa, fèrèsé gan-an ṣe ohun tí wọ́n ní yóò ṣe. Èyí gan-an ló ń pa mí.

Ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, ilé ẹ̀kọ́ ni mo wà, ní Ọjọ́ta. Lẹ́yìn ọ̀sán ni ojú ọ̀run ṣú. Atẹ́gùn náà lágbára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. A kó àwọn ọmọ jọ sínú kíláàsì tó wà láàárín, wọ́n ń pariwo, èmi náà fẹ́ pariwo. Ṣùgbọ́n mo rántí fèrèsé ìyá mi, ọkàn mi sì tutù. Mo pè wọ́n.

"Màámi, ṣé kò sí wàhálà?"

"Wàhálà kí? Mo gbé àga síwájú fèrèsé, mò ń wò ó. Páànù kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá báyìí, kò mọ ibi tó ń lọ. Ẹ̀ka igi kan wá gbá a, gbì! Ó padà síbi tó ti wá. Ó ń jà, ó ń jà, kò lè wọlé."

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ń fi ìjì rẹ́rìn-ín! Inú mi dùn débi pé mo sọ fún olùkọ́ tó dúró tì mí, mo ní, ìyá mi ń wo ìjì bí ẹni ń wo sinimá. Mo ti rò ó láìmọye ìgbà pé ká ní ayé parí ní ìṣẹ́jú yẹn, ì bá dáa.

Òjò dá. Mi ò tíì jáde ní ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí obìnrin aránṣọ pè mí.

"Aunty, ẹ máa bọ̀. Ẹ máa bọ̀ kíá. Mummy Àgbà wà nílẹ̀, mò ń rí wọn, bóòtù ló wà níbẹ̀, mi ò lè wọlé."

Kò sí mọ́tò tó ń lọ. Omi ti gba títì, gbogbo nǹkan dúró gbagidi láti Ọjọ́ta dé Kétu. Mo ká ìró mi sókè, mo bọ́ bàtà, mo fi ẹsẹ̀ rìn. Ohun tí mo ń kọ nísinsìnyí nípa ìgbà tí mo wà lójú ọ̀nà, obìnrin aránṣọ ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà.

Ó ní òun kan ilẹ̀kùn, kò sí ìdáhùn. Òun wo inú láti ojú fèrèsé, òun rí ìyá mi ní ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló dá wọn wólẹ̀. Apá kan ara wọn ti kú, ṣùgbọ́n ojú wọn là sílẹ̀. Wọ́n rí i. Wọ́n tiẹ̀ gbé ọwọ́ òsì sókè díẹ̀. Òun sọ fún wọn pé, "Mummy Àgbà, bóòtù! Ẹ gbìyànjú, ẹ fa bóòtù!" Ìyá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́ ara wọn lọ sí ẹnu ọ̀nà, díẹ̀díẹ̀. Obìnrin aránṣọ ń wò wọ́n, ó ń gbàdúrà, ó ń kígbe pe ará àdúgbò.

Àwọn ará àdúgbò sáré dé. Ta ni yóò dúró máa wo ìyá arúgbó tó ń wọ́ nílẹ̀? Ọ̀gá mẹkáníìkì tó wà lẹ́nu àdúgbò wa gbé irin ńlá kan dání. Ẹnì kan gbé bíríkì. Obìnrin aránṣọ fúnra rẹ̀ gbé ọmọ odó mi láti ilé ìdáná. Wọ́n dojú kọ fèrèsé.

Bí wọ́n ṣe lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó sán. Wọ́n tún lù ú, ó sán káàkiri, ṣùgbọ́n kò ya. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé bí irú gíláàsì yẹn bá ti sán tán, funfun ló máa ń di, bí omi ògì. Ẹ ò ní rí inú mọ́. Láti ìgbà náà lọ, wọn ò rí ìyá mi mọ́. Wọn ò mọ ibi tí wọ́n wọ́ dé, wọn ò mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń mí. Ìyẹn ló wá jẹ́ kí wọ́n túbọ̀ máa lù ú.

Ibẹ̀ ni mo bá wọn. Mo wọ ọgbà, omi ń kán lára mi, mo rí gíláàsì funfun náà, mo gba ọmọ odó lọ́wọ́ obìnrin aránṣọ. Mo ń lù ú, mo ń kígbe, "Màámi! Màámi! Màámi!" Gbogbo agbára tí mo ní ni mo fi lù ú. Mo rántí pé mo bú u, mo bú fèrèsé bí ẹni bú èèyàn. Ọmọ odó ń ta padà, apá mi ń dùn mí. Nígbà tó yá, ọ̀gá mẹkáníìkì fà mí sẹ́yìn.

"Mummy, ẹ fi í sílẹ̀. Window yìí ò ní gbà. Ògiri ni ká fọ́."

Ẹnì kan ti sáré lọ gbé òòlù ńlá wá. Wọ́n kọjú sí ògiri lábẹ́ fèrèsé. Bíríkì là, ó ya, sìmẹ́ńtì dà sílẹ̀, nígbà tó sì ṣe, fèrèsé ṣubú síta lódindi pẹ̀lú férémù rẹ̀. Ó balẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Kò ya síbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan láti ojúlé kẹta bi mí bóyá màá tà á, ó ní férémù rẹ̀ ṣì dáa. Mi ò mọ ohun tí mo sọ fún un, ṣùgbọ́n kò kí mi mọ́ láti ìgbà náà.

Mo gba ihò náà wọlé. Mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, níbi tí mo rò pé màá ti rí wọn. Wọn ò sí níbẹ̀. Ìtẹ́lẹ̀ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ti ká jọ níbi tí wọ́n wọ́ ara wọn gbà, ó sì fi ọ̀nà náà hàn. Wọ́n ti dé ìdí ilẹ̀kùn tán. Bí wọ́n bá na ọwọ́, ọwọ́ wọn á kan bóòtù. Láti ìdí ilẹ̀kùn yẹn ni wọ́n ti yí padà. Inú balùwẹ̀ ni mo ti bá wọn, ní ìgun tó jìnnà jù sí fèrèsé, wọ́n ká jọ, wọ́n fi ọwọ́ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ bo etí wọn.

Àwa ni wọ́n sá fún. Ìyá mi tó jókòó fi ìjì rẹ́rìn-ín lọ́sàn-án yẹn, a ti ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa bọ̀, wọ́n sì ń bọ̀, a wá bẹ̀rẹ̀ sí í lu fèrèsé sí wọn lórí. Kí ni wọ́n fẹ́ rò? Ohun tí wọ́n ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ tí páànù já ló tún dé, ohùn ọmọ wọn ló sì ń ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n sọ fún mi pé àkókò ti lọ, ká ní wọ́n tètè gbé wọn wá ni. Mo ní mo gbọ́. Mo jókòó sí bẹ́ǹṣì tó wà níta, fóònù dún. Àbúrò mi ni. Ó ti rí àwòrán ìjì Èkó lórí ẹ̀rọ ayélujára.

"Sister mi, ẹ kú ìjì o. Ṣé window yẹn dúró?"

Mo ní, "Ó dúró."

"Alhamdulillahi! Mo sọ fún yín!"

Obìnrin aránṣọ tó jókòó tì mí gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Mo rí i tó gbé fóònù kúrò létí, tó dì í mú lókèèrè, ó pẹ́ kó tó gbé e padà sí i. Àbúrò mi kì í pè mí déédéé mọ́. Bó bá pè, oògùn la máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìyá mi wà láàyè. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà báyìí, níwájú, nínú pálọ̀ mi. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́. Àwọn àlejò máa ń sọ fún mi pé kí n dúpẹ́, ó sàn ju ikú lọ, èmi kò sì mọ ẹni tó ti lọ síbẹ̀ rí tó padà wá sọ fún wọn. Òjò kò ba ìyá mi lẹ́rù mọ́. Ó lè rọ̀ títí, atẹ́gùn lè máa fẹ́ páànù wa, wọn ò ní mì. Èmi ni wọ́n ń bẹ̀rù. Bí obìnrin aránṣọ bá pè wọ́n, wọ́n á wo ojú rẹ̀, wọ́n á la ẹnu, wọ́n á jẹun láti ọwọ́ rẹ̀. Bí èmi bá pe, "Màámi," bó ti wù kí n rọra pè é tó, ara wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n á sì yí ojú sí ògiri. Dókítà ní bóyá yóò lọ bó bá yá. Ó ti pẹ́ tó ti sọ ọ́.

Mo ti gbìyànjú láti ṣàlàyé fún wọn. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, mo ní, Màámi, èmi ni, mo fẹ́ gbà yín sílẹ̀ ni. Wọ́n di ojú pa títí mo fi dìde.

Nítorí náà, mi ò pè wọ́n mọ́. Bí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, mo máa ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń gba ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì kọjá lọ jókòó sórí àga kan níbi tí wọn ò ti lè rí mi. Obìnrin aránṣọ á máa fún wọn lóúnjẹ, á máa bá wọn ṣe àwàdà, èmi á máa wo ẹ̀yìn orí wọn, mi ò ní húkọ́. Mo ní mo fẹ́ kí ìyá mi máa gbé níbi tí ojú mi ti tó wọn. Ojú mi tó wọn. Bí wọ́n bá jẹun tán, tí obìnrin náà bá fẹ́ lọ, ó máa ń gba òkè orí ìyá mi wò mí bóyá mo fẹ́ sún mọ́ wọn, mo sì máa ń ju ọwọ́ sí i pé rárá, kó jẹ́ kí wọ́n sùn.